Ìdáhùn lórí “invisible”: ẹ má ṣe kọ “àìrí” sínú ìwé aláìsàn

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ kọ̀wé láti Leeds. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi ni pé wọ́n gbé ìwé pélébé kan lé yín lọ́wọ́ kí ẹ yí i sí Yorùbá fún àwọn òbí tí ọmọ wọn ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (“sickle cell”), gbólóhùn méjì sì ta kókó nínú rẹ̀: ọ̀kan pe àrùn náà ní “invisible disability”, èkejì sì ní àwọn aláìsàn máa ń “feel invisible” bí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn. Ẹ wá béèrè bóyá “àìrí” lè gbé méjèèjì, àti ohun tí ó ya “invisible” sọ́tọ̀ kúrò lára “hidden” àti “unseen”. Iṣẹ́ ìtumọ̀ èdè fún àwọn ilé ìwòsàn ni mo fi ń jẹun ní London, ojú mi sì ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, nítorí náà n ó sọ ọ́ láìfi epo bọyọ̀: ẹ má ṣe kọ “àìrí” sí ibikíbi nínú ìwé náà.

Inú èdè Látìn ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú “invisible”, ohun tí ó sì ń lò ó fún ju ẹyọ kan lọ. Ó ń lò ó fún ohun tí ojú ènìyàn kò lè rí nítorí bí a ṣe dá ojú, irú bí ìtànṣán tí William Herschel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ṣàwárí ní ọdún 1800, nígbà tí ó pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ rẹ̀ gbogbo, tí ó gbé ohun èlò tí a fi ń wọn ooru sí ẹ̀yìn àwọ̀ pupa, tí ooru sì ń gòkè níbi tí ojú kò ti rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ó tún ń lò ó fún ohun tí ó wà nítòsí wa gan-an ṣùgbọ́n tí kò fi ara hàn, àti fún ènìyàn tí gbogbo ayé ń wò tí wọn kò sì kà sí. Gẹ̀ẹ́sì kò yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni olùgbọ́ fi ń mọ èyí tí à ń sọ. Yorùbá ní tirẹ̀ ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀, orúkọ tí ó sì bá àkọ́kọ́ mu lè ba ìkejì jẹ́ pátápátá.

“Àìrí” ní ilé tirẹ̀ nínú èdè wa. Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí tí yóò ka ìwé yín ti mọ̀ ọ́n: nínú 1 Tímótì 1:17, Ọlọ́run ni Ọba ayérayé, àìdíbàjẹ́, àìrí, nínú Hébérù 11:27, Mósè dúró ṣinṣin bí ẹni tí ó ń rí ẹni àìrí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì, àwọn àgbà wa ní àféèrí, oògùn tí wọ́n ní ọdẹ àti jagunjagun fi ń di ẹni tí ojú kò rí mọ́, tí òwe sì ń sọ pé àféèrí kan kò ju kí a rí igbó ńlá bọ́ sí. Bí a bá tún wá dé ibi àdúrà òru, “agbára àìrí” ni à ń lé kúrò nínú ilé àti lára ọmọ. Nítorí náà, bí ìyá àgbà kan bá gbọ́ “àìrí”, ayé ẹ̀mí ni ọkàn rẹ̀ ń lọ, kò lè lọ sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ.

Nínú gbogbo àìsàn tí ó wà láyé, fòníkú-fọ̀ladìde ni ó sì yẹ kí a ti ṣọ́ra jù lọ. Kí a tó mọ̀ nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tí àrùn yìí ń pa léraléra nínú ilé kan náà ni a pè ní àbíkú, tí a fi gbẹ́rẹ́ sí lára, tí a sọ ní orúkọ ẹ̀bẹ̀ kí wọ́n lè dúró. Ọdún 1910 ni James Herrick, dókítà kan ní Chicago, kọ nípa ohun tí wọ́n fi máíkírósíkópù rí nínú ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti Grenada: àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀ bí dòjé, dípò kí wọ́n rí roboto. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ni wọ́n ń há sínú àwọn òpójẹ̀ tóóró, tí ìrora fi ń mú egungun àti àyà. A lè rí i, a lè fi han ẹnikẹ́ni tí ó bá wo inú awò náà. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pẹ̀lú “invisible disability” ni pé ẹni tí ó bá pàdé ọmọ náà lójú pópó kò ní rí ọ̀pá, kò ní rí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn, kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyí. Ilé-iṣẹ́ ìtumọ̀ èdè kan gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo kọ “ìpèníjà ara tí kì í hàn sójú”. Ìwé náà kọjá sí ọ̀dọ̀ olùṣàyẹ̀wò wọn, ẹni tí ó ní oyè nínú ìmọ̀ èdè, ó sì fi “ìpèníjà àìrí” rọ́pò rẹ̀ láì bi mí léèrè. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n pín in. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni wọ́n pè mí sí ilé ìwòsàn kan láti ṣe ògbufọ̀ fún ìyá kan, ìyá náà sì mú ìwé yìí jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ti fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì bi dókítà pé ṣé àwọn òyìnbó pẹ̀lú ti gbà báyìí pé ohun tí ń bá ọmọ òun jà kì í ṣe ojú lásán. Kò bínú, kò sì pariwo. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun dá oògùn tí ọmọ ń lò lójoojúmọ́ dúró kí òun gbé e lọ fún ìtúsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo túmọ̀ fún dókítà tí ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ń purọ́. A lo gbogbo àkókò tí wọ́n fún wa láti tú ohun tí ọ̀rọ̀ kan dì, a kò sì sọ̀rọ̀ nípa ibà tí ó gbé ọmọ náà wá rárá.

Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Èsì wọn ni pé “back-translation” ti fi hàn pé iṣẹ́ náà péye. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí dáadáa, nítorí òun ni yóò dúró lójú ọ̀nà yín. Bí wọ́n bá ti gba Yorùbá yín tán, wọn yóò gbé e fún ẹlòmíràn tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́, pé kí ó yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá yóò wá gbé Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. “Ìpèníjà àìrí” padà wá gẹ́gẹ́ bí “invisible disability”, wọ́n sì fi àmì tí ó dára sí i. “Ìpèníjà ara tí kì í hàn sójú” padà wá gẹ́gẹ́ bí “a disability that does not show on the face”, wọ́n sì ní mo ti fi ojú kún ohun tí wọn kò sọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo aláìsàn ṣe ń san ẹ̀san fún ẹni tí ó bá tẹ̀ lé lẹ́tà, tí ó sì ń fìyà jẹ ẹni tí ó bá sọ ohun tí yóò yé ìyá ọmọ. Inú ń bí mi sí i títí di òní. Ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì, tí kò bá ẹnìkan sọ Yorùbá láti àárọ̀ di alẹ́, ni ó ń ṣèdájọ́ ohun tí ìyá ọmọ yóò gbọ́. Mo kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tún kọ, wọn kò yí i padà àfi ìgbà tí àwọn òbí fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí béèrè irú ìbéèrè kan náà níwájú àwọn nọ́ọ̀sì.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi iṣẹ́ yín ránṣẹ́, ẹ kọ àlàyé ṣókí ní Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn, kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi yan ọ̀rọ̀ tí ẹ yàn, kí ẹ sì fi hàn pé “àìrí” ń tọ́ka sí ohun ẹ̀mí. Kí ẹ kọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè, nítorí bí wọ́n bá ti fi àmì pupa sí iṣẹ́ yín tán, àwáwí ni wọn yóò pè é. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ ka gbólóhùn náà sókè fún òbí méjì tàbí mẹ́ta nínú yàrá ìdúró, kí ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ padà fún yín ní Yorùbá.

Ìkìlọ̀ mìíràn wà tí ẹ kò béèrè. Bí wọ́n bá gbé ìwé ìnáwó tàbí ìròyìn ọrọ̀ ajé fún yín, “invisible” níbẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú ojú rárá. Ohun tí orílẹ̀-èdè ń tà tàbí rà tí kì í ṣe ẹrù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: ìbánigbófò, iṣẹ́ báńkì, owó ọkọ̀ òfurufú, àti owó tí àwọn tí ó wà lókè òkun ń fi ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá kọ “ọjà àìrí” síbẹ̀ ti ba ìwé jẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn aránṣọ wa, “invisible zip” ni wọ́n ń pe èyí tí ojú rán ń bo eyín rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún “indivisible”, tí lẹ́tà díẹ̀ péré yà sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀: òfin ọdún 1999 ti Nàìjíríà, ní abala 2, pe orílẹ̀-èdè náà ní èyí tí a kò lè pín, mo sì ti rí ìtumọ̀ tí ó sọ ọ́ di orílẹ̀-èdè tí a kò lè rí.

Ní ti “hidden”, òun ni ó rọrùn jù fún wa, nítorí pé “tí ó fara sin” bá a mu. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n lò fún okùn ọrùn aláwòrán òdòdó sunflower, èyí tí ẹni tí ìpèníjà rẹ̀ fara sin ń fi kọ́rùn kí àwọn òṣìṣẹ́ lè mọ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Gatwick ní 2016. Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ẹni tí ìpèníjà rẹ̀ fara sin ti lè béèrè fún Blue Badge, káàdì ìgbọ́kọ̀sí fún àwọn tí ó ní ìpèníjà ara, ní England, ẹ sọ èyí fún àwọn òbí, nítorí ọ̀pọ̀ wọn rò pé ti ẹni tí ó jókòó sí kẹ̀kẹ́ nìkan ni. “Unseen” ni ohun tí ẹnìkan kò tíì rí, bí àyọkà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pàdé nínú ìdánwò.

Ó ku gbólóhùn yín kejì. Ẹni tí ó ní òun “feel invisible” kò sọ pé ojú kò rí òun. Wọ́n rí i, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì kọjá lára rẹ̀. Ìlànà tí NICE, àjọ tí ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn, gbé jáde ní 2012 sọ pé kí aláìsàn yìí gba oògùn ìrora láàárín 30 ìṣẹ́jú tí ó bá dé, ṣùgbọ́n ẹni tí kò dá egungun, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì ń dà lára rẹ̀, ni wọ́n máa ń ní kí ó dúró, àwọn mìíràn a tún máa fura pé oògùn náà gan-an ni ó wá wá. “Wọn kì í ka ìrora wọn sí” ni n óò kọ, tàbí “wọ́n máa ń fi ojú fò wọ́n”. Bí ilé-iṣẹ́ bá ní ó le jù, ẹ ní kí wọ́n mú olùṣàyẹ̀wò wọn wá jókòó pẹ̀lú aláìsàn kan ní yàrá pàjáwìrì lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, kí ó gbọ́ ohun tí aláìsàn náà yóò pè é fúnra rẹ̀.