Ẹ Bi Wá Léèrè: Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ni Ká Ti Máa Ra Ìwé ni àbí Inú Ṣọ́ọ̀bù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mò ń gbé, ọmọ mi obìnrin wà ní SS2, tíṣà Yorùbá wọn ní kí wọ́n lọ ra ìwé ìtàn kan. Mo wá a títí n ò rí i, ni àbúrò mi bá ní kí n rà á lórí fóònù, mo san ₦4,500 pẹ̀lú owó wébíìlì, ìgbà tó dé, ṣe ló fò láti ojú ìwé 48 bọ́ sí 65, àmì orí àwọn lẹ́tà ò tiẹ̀ hàn, ibòmíì dúdú, ibòmíì ti ṣá. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, kò gbé e mọ́. Ṣé kí n kúkú jáwọ́ nínú ìwé rírà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni? — Ìyá ọmọ SS2, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ó dùn mí gan-an, torí owó nìkan kọ́ ló lọ, àkókò ọmọ náà ló lọ yẹn. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ nkan tó ṣe ìwé yẹn fún yín. Bébà ńlá ni wọ́n fi ń tẹ ìwé, wọ́n á wá ká a, ó sábà máa ń di ojú ìwé 16, wọ́n á to àwọn èyí tí wọ́n ká yìí léra kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Láti 49 dé 64, ojú ìwé 16 gééré nìyẹn, ẹni tó ń tò ó ló gbàgbé ìdìpọ̀ kan. Ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ sí ìwé ojúlówó náà, tẹ́ ẹ bá gbé e padà fún ẹni tó tà á wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀. Àmì tó pòórá yẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ayédèrú ni. Àwọn tó ń ṣe páyírétì kì í to lẹ́tà tuntun, ìwé ojúlówó kan ni wọ́n máa wá, wọ́n á yà á bí ẹni ń ṣe fọ́tòkópì, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ látara ẹ̀, nkan tó bá kéré jù lójú ìwé ló sì máa ń kọ́kọ́ parẹ́, nínú ìwé Yorùbá kí ló wá kéré tó àmì ohùn àti àmì kékeré tó wà nídìí ẹ, ọ àti ṣ? Ìwé Gẹ̀ẹ́sì lè fara da ìyẹn díẹ̀. Tiwa ò lè fara dà á, ọkọ ni àbí ọkọ́ àbí ọkọ̀, ọmọ tó ń múra ìdánwò ò gbọ́dọ̀ máa méfò.

Ẹ má torí ẹ̀ sá fún íntánẹ́ẹ̀tì o. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ojú ìwé mẹ́ta sí WhatsApp yín: èyí tí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ àti ọdún wà, ọ̀kan láàárín, kí wọ́n sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ lè rí àmì, àti èyí tó kẹ́yìn. Tí wọ́n bá ní àwọn ò ráyè, ẹ fowó yín sápò. Ẹ tún béèrè nọ́ńbà ISBN ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé. Láti 2007 nọ́ńbà 13 ló jẹ́, èyí tí wọ́n bá gbà ní National Library ti Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978, 978 àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìwé, ìkejì jẹ́ ti Nàìjíríà. Oníjìbìtì náà lè dà á kọ, torí náà kò fi hàn pé ìwé ò ní àbààwọ́n, àmọ́ òun ni ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé ìwé míì tórúkọ ẹ̀ jọ ọ́ fún yín.

Tó bá wá di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, lójú tèmi, ìwé Yorùbá ṣì jẹ́ ọjà ojúkojú. Lọ́dún tó kọjá, mo wá ìwé òwe kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo kọ orúkọ ẹ̀ pẹ̀lú àmì, mo kọ ọ́ láìsí àmì, mo tún kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé àtijọ́, kò sí nkan tó jáde. Ìgbà tí mo dé Amúnigún n'Íbàdàn, mo kàn dárúkọ ẹ̀ fún bàbá kan tí wọ́n jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù wọn, wọn ò tiẹ̀ dìde, wọ́n ní kí ọmọ wọn lọ wo páálí kẹta lábẹ́ tábìlì, mẹ́rin ló wà níbẹ̀! Mo ní bàbá, kí ló dé tẹ́ ò gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ta ló fẹ́ jókòó tẹ orúkọ gbogbo ìwé tó wà nílẹ̀ yìí. Kì í ṣe pé ìwé wa ti tán o, inú páálí ló wà.

Òṣogbo sí Ìbàdàn ò sì jìnnà. Tí ẹnì kan bá ń lọ, ẹ ní kó yà ní Jẹ́ríkò, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé, University Press, Evans àti HEBN (Heinemann tẹ́lẹ̀), wà níbẹ̀. University Press yẹn, láti 1949 ni wọ́n ti wà, Oxford ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé tí tíṣà mú lọ́wọ́, ẹ wo ẹni tó tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ pe ọ́fíìsì wọn tààrà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, mo ń kí yín láti Peckham ní London. Ọmọ mi jẹ́ ọdún 7 àti 9, mo fẹ́ kí wọ́n máa ka Yorùbá. Àwọn ìwé tí mo rí lórí Amazon tín-ín-rín, wọ́n sì wọ́n, bẹ́ẹ̀ tí n bá ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé, owó ìfiránṣẹ́ á ju owó ìwé lọ. — Bàbá ọmọ méjì

ÌDÁHÙN: Bàbá àwọn ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ irú ìwé yẹn, ìgbà téèyàn bá sanwó ni wọ́n máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Ẹ ṣí ojú ìwé díẹ̀ tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún àyẹ̀wò, tẹ́ ẹ bá rí Yorùbá tí ò ní àmì kankan tàbí tí àmì gun ara wọn, ẹ fi í sílẹ̀, torí ohun tọ́mọ bá fojú rí ló máa kọ́. Ẹ ní kí ẹni tó ń bọ̀ láti ilé bá yín di ìwé kíkà aláwòrán ti pírámárì sínú báàgì, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ìwé Kìíní fún àwọn méjèèjì, kódà fún ọmọ ọdún 9 náà, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ kó wọn lọ sí New Beacon Books ní Finsbury Park. Láti 1966 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ìwé àwọn èèyàn dúdú ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ní ìparí 2021 wọ́n ní àwọn fẹ́ ti ilẹ̀kùn káwọn máa tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, làwọn oníbàárà bá dáwó jọ, ṣọ́ọ̀bù ò tì mọ́. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè bá yín wá ìwé Yorùbá. Tí wọn ò bá tiẹ̀ rí i, àwọn ọmọ á rí ògiri tó kún fún ìwé àwọn èèyàn tó jọ wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kí n kúkú máa ra ìwé téèyàn ń kà lórí fóònù? Ó pọ́ọ́kú. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Ẹ máa rà á, mo ń rà á. Ẹ ṣáà wádìí bóyá fáìlì ìwé yẹn á wà lọ́wọ́ yín ni àbí inú app nìkan lẹ ti lè kà á. OkadaBooks, app ìwé kíkà táwa òǹkàwé Nàìjíríà fẹ́ràn gan-an, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ìparí November 2023 ni wọ́n kógbá wọlé. Èyí tẹ́ ẹ máa lò títí ẹ ó fi jáde, ẹ ra ti bébà, kẹ́ ẹ tó ra tuntun ẹ bi àwọn tó wà níwájú yín ní dípátímẹ́ǹtì bóyá wọ́n fẹ́ ta tiwọn.