Itọ́ Ò Dá Lẹ́nu Ológbò Mi Láti Sátidé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà wa. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ológbò mi, abo ni, Dúdú là ń pè é. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, itọ́ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo irun àyà rẹ̀ tutù bí ẹni pé wọ́n da omi sí i. Tí mo bá gbé ẹja fún un, á sáré wá, á gbóòórùn rẹ̀, á sì tún padà sẹ́yìn. Ó ń fi ọwọ́ ha ẹnu ṣáá. Ìyá tó wà ní yàrá kejì ní ó ti jẹ májèlé, kí n rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Bàbá àwọn ọmọ ní dìgbòlugi ni, kí n lé e síta. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, pálọ̀ wa náà ni mo ti ń rán an, ojú mi kì í sì í kúrò lára rẹ̀. N ò rí i kó jẹ ohun tí kò dáa. Kí ni kí n ṣe? – Ìyá Ìbejì, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdààmú. Ọjọ́ tí ìbéèrè yín dé náà ni mo ti fi èsì ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Mo tún ń tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tó kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé epo pupa yẹn padà síbi tí ẹ ti mú un. Ológbò tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ báyìí kì í lè gbé nǹkan mì dáadáa. Epo tí wọ́n bá fipá rọ fún un lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Mo ti rí èyí tí epo pa, tí kì í ṣe májèlé ló pa á. Àwọn oògùn apakòkòrò kan sì wà tó jẹ́ pé inú epo gan-an ni wọ́n ti ń yòrò, epo á wá bá wọn ráyè wọnú ẹ̀jẹ̀. Mílíìkì náà kì í ṣe ẹ̀rọ̀ májèlé.

Ohun tí ọkàn mi dúró lé nínú ọ̀rọ̀ yín ni èyí tí ẹ kàn mẹ́nu bà lásán: aránṣọ ni yín, inú pálọ̀ lẹ sì ti ń ránṣọ.

Ológbò tí inú ń rú kì í sábà fẹ́ gbóòórùn oúnjẹ, ṣe ló sábà máa ń yí ojú kúrò. Dúdú ń sáré wá sídìí ẹja. Ebi ń pa á, ẹnu ló ń dùn ún. Bó bá jẹ́ eyín tó jẹrà ni, díẹ̀díẹ̀ ni ì bá ti máa bọ̀, ẹnu rẹ̀ á sì ti máa rùn tipẹ́. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, tó tún ń fọwọ́ ha ẹnu, nǹkan ló há a lẹ́nu tàbí nǹkan ló bó o.

Wọ́n gbé akọ ológbò kan wá bá mi rí láti ilé télọ̀. Mo la ẹnu rẹ̀, mo wo eyín, mo wo àjà ẹnu bóyá egungun ẹja há síbẹ̀, n ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí mo fi àtàǹpàkò ti abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ sókè tí ahọ́n gbéra ni mo tó rí i: òwú funfun tín-ín-rín tó lọ́ mọ́ ìdí ahọ́n. Ó ti gé ẹran ibẹ̀ wọlé, ó ku díẹ̀ kí ẹran bò ó mọ́lẹ̀, ẹnu òwú náà méjèèjì sì gba ọ̀fun lọ sínú. X-ray fi abẹ́rẹ́ hàn wá nínú ikùn. A ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì yè. Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ wà lórí ahọ́n ológbò, ẹ̀yìn ni gbogbo wọn kọjú sí. Òwú tó bá ti kó sí i, ìsàlẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n lọ.

Tí ẹ bá rí òwú, ẹ má fà á o! Ẹ̀yin náà mọ bí ìdí ṣòkòtò ṣe ń ṣùjọ tí a bá fa okùn rẹ̀. Bí ìfun á ṣe ṣùjọ nìyẹn, òwú á sì rẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ bàbá àwọn ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdánù. Ẹ ò sọ bóyá Dúdú ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Tí kò bá tíì gbà á, ẹ má ṣe la ẹnu rẹ̀ fúnra yín, inú itọ́ ni àrùn náà wà. Ẹ rọra fi aṣọ nípọn gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí, kí dókítà wò ó. Àmọ́ kí ẹ lé e síta ló burú jù: ológbò tó bá bu èèyàn jẹ, ọjọ́ 10 ló yẹ ká fi ṣọ́ ọ, ta ni yóò wá ṣọ́ èyí tó ti wọ ìgbẹ́? Ẹni tó bá bù jẹ, tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan ojú egbò rẹ̀, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ti májèlé ńkọ́? Sniper tàbí òtapiapia kì í mú itọ́ nìkan wá. Omi á máa dà lójú, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ á máa bọ́, ara á máa gbọ̀n, ọmọlójú á sún kì bí orí abẹ́rẹ́. Irú ìyẹn ò ní ráyè ẹja. Izal lèmi máa ń bẹ̀rù jù, torí ará ilé kì í kà á sí májèlé: wọ́n á fi fọ ilẹ̀, ológbò á rìn kọjá, á lá ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹnu á bó. Oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin nínú náà ò gbọdọ̀ kan ológbò. Bí ẹ bá lo èyíkéyìí nínú wọn lọ́jọ́ Sátidé, ẹ gbé ìgò rẹ̀ dání.

Ẹ má dúró dọ̀la. Ológbò tí kò jẹun fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Kí ẹ tó jáde, ẹ ka àwọn abẹ́rẹ́ yín bóyá wọ́n pé, kí ẹ sì mú òwú tí ẹ fi ránṣọ lọ́jọ́ Sátidé dání kí dókítà rí i.