Ẹ dín ẹran màlúù kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe láfún ló máa gba ipò rẹ̀

Àǹtí, ẹ ní ṣé kí ẹ yọ ẹran màlúù kúrò nínú oúnjẹ ilé yín l'Ábẹ́òkúta nítorí àyíká, kí àwọn ọmọ má sì rù. Ẹ dín in kù, kí ẹ̀wà gba ipò rẹ̀. Màlúù máa ń gùfẹ̀ mítéènì, afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná gan-an. Ẹ̀wà ní tirẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú gbòǹgbò rẹ̀ ń bá a fa náítírójìn, oúnjẹ ọ̀gbìn, látinú afẹ́fẹ́, kì í béèrè ajílẹ̀ púpọ̀.

Àwọn onímọ̀ oúnjẹ máa ń bí mi nínú. Wọ́n á ní "ẹ jẹ ẹ̀wà", wọn ò ní sọ iye èédú tó ń jẹ. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú àpò, níbi tó gbóná tó sì rin, á le koko. Ẹ lè fi wákàtí mẹ́ta dáná sí i, kò ní rọ̀. Bí irú rẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ lọ́jà Kútọ̀, ẹ má bá a jà: ẹ bó o, ẹ lọ̀ ọ́ fún mọ́ínmọ́ín. Ewé eéran ni kí ẹ fi pọ́n ọn o, kì í ṣe ọ̀rá. Èyí tó dáa, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, torí inú rẹ̀ ni ohun tó ń mú inú kún wà. Omi tuntun ni kí ẹ fi sè é, kí ẹ dé ìkòkò. Tòmátò kò gbọdọ̀ wọlé kí ẹ̀wà tó rọ̀. Kíkan rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó rọ̀. Káún ńkọ́? Rárá! Ó ń mú un yá lóòótọ́, àmọ́ ó ń pa fítámì B1 inú rẹ̀. Ìyókù, ẹ mọ̀ ọ́n sè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pọ̀nmọ́ rọ́pò ẹran. Purotéènì inú rẹ̀ kò pé, èyí tí wọ́n sì fi táyà sun ń gbé májèlé wọlé, èéfín rẹ̀ ń ba àdúgbò jẹ́.

Gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ ní purotéènì bíi gíráàmù 23. Ìyẹ̀fun láfún tó ṣe ìwọ̀n kan náà kò tó gíráàmù 3. Àmàlà láfún àti ewédú nìkan kò lè gbé ọmọ dúró. Èròjà irin (iron) inú ẹ̀wà kì í tètè wọ ara, nítorí náà ẹ fún wọn lọ́sàn jẹ lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì dúró fún wákàtí kan kí wọ́n tó mu tíì. Fítámì B12 kò sí nínú ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ kankan: ẹ fún wọn ní ẹyin tàbí ẹja ṣawá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹran màlúù lẹ́ẹ̀kan.