Ọ̀rọ̀ ìṣe Jámánì "essen": kí ló túmọ̀ sí, ibo ló ti wá, báwo ni wọ́n ṣe ń yí i?

Jẹun ni essen, àmọ́ ti èèyàn ni o. Tó bá jẹ́ ajá tàbí ewúrẹ́ ló ń jẹun, fressen ni wọ́n máa sọ, torí náà tẹ́ ẹ bá lo fressen fún èèyàn, ẹ ti bú u nìyẹn. Ezzan ni lẹ́nu àwọn Jámánì ayé àtijọ́, ọmọ ìyá kan náà lòun àti "eat" tàwọn Gẹ̀ẹ́sì, "t" ló di "ss" lọ́dọ̀ àwọn Jámánì, ẹ wo water àti Wasser.

Ti ìsinsìnyí: ich esse (mo ń jẹun), du isst (o ń jẹun), er isst (ó ń jẹun), wir essen (à ń jẹun), ihr esst (ẹ̀ ń jẹun), sie essen (wọ́n ń jẹun). Er isst àti er ist (ó jẹ́) dún bákan náà gẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ tó yí i ká lẹ máa fi mọ èyí tí wọ́n ń sọ.

Tó bá ti kọjá, ich aß, tàbí ich habe gegessen tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu. "G" méjì yẹn ńkọ́? Ge- tí wọ́n máa ń fi síwájú ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá ti kọjá ti wọnú ọ̀rọ̀ náà tipẹ́, ó di gessen, àwọn èèyàn ò rí i mọ́, ni wọ́n bá tún lẹ ge- míì mọ́ ọn níwájú.