Tòmátì inú dírọ́ọ̀mù tó wá ní owó pọ́ọ́kú: kí ló yẹ ká wò ká tó sanwó?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín. Mo ń múra láti kó tòmátì kíki wọlé láti òkè òkun nínú dírọ́ọ̀mù, kí n lè máa rọ ọ́ sínú agolo kéékèèké fún títà. Iye tí olùtajà kan dá lé e fi ìdá kan nínú mẹ́ta kéré sí ti àwọn yòókù, ó sì ń kán mi lójú pé kí n tètè sanwó. Ṣé kí n rà á, àbí ewu wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ó dùn mọ́ wa pé ẹ béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Owó pọ́ọ́kú nìkan kì í ṣe ẹ̀rí ẹ̀tàn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni agbègbè kọ̀ọ̀kan ń kórè tòmátì tí àwọn ilé iṣẹ́ ń sè: California, Ítálì, Spain, Túọ́kì àti Ṣáínà ń kórè láti nǹkan bí oṣù keje sí oṣù kẹwàá, nígbà tí Chile ń kórè tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Bí ìkórè bá pọ̀ ju ohun tí àwọn oníbàárà lè rà lọ, ilé ìpamọ́ á kún, àwọn tó ni ọjà á sì fẹ́ tà á kí ìkórè tuntun tó dé. Ní ọdún 2024, tòmátì tí wọ́n sè lágbàáyé tó nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 45, ti Ṣáínà nìkan sì lé ní mílíọ̀nù 10. Irú ọ̀pọ̀ yanturu bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kó má já owó ọjà wálẹ̀. Nítorí náà, ọdún tí wọ́n kórè rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, torí pé bó bá ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ ni pupa rẹ̀ ń di pupa rúsúrúsú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè bó ṣe ki tó. Òṣùwọ̀n Brix, ìyẹn ìdá èròjà tó yọ́ sínú rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ni àwọn oníṣòwò fi ń wọ̀n ọ́n, ìlànà Codex (ìlànà àgbáyé lórí oúnjẹ) nọ́ńbà 57 ti ọdún 1981 sì là á sílẹ̀ pé ohun tó bá tó 24 sókè nìkan ló lè jẹ́ ojúlówó tòmátì kíki. Èyí tó wà láàárín 7 sí ohun tí kò tó 24 jẹ́ tòmátì lílọ̀ tó ṣàn díẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan tó jẹ́ Brix 36 ní ìwọ̀n 360 kílò èròjà tòmátì nínú, ṣùgbọ́n tọ́ọ̀nù tó jẹ́ Brix 28 kò ní ju 280 lọ. Bí ẹ bá kàn ń fi iye tọ́ọ̀nù kan wé iye tọ́ọ̀nù kejì láìwo Brix wọn, omi lẹ ń fowó rà láìmọ̀.

Síbẹ̀, wọ́n lè fi iyọ̀ tàbí ṣúgà ti òǹkà Brix sókè, wọ́n sì lè fi ìyẹ̀fun mú un ki. Ti ìyẹ̀fun kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ po ṣíbí kan mọ́ omi, ẹ sè é díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá kán iodine (oògùn tí wọ́n máa ń fi sójú egbò) sí i. Ẹ má fi ẹ̀kán kan ṣe ìdájọ́, nítorí pé fítámì C inú tòmátì lè kọ́kọ́ pa àwọ̀ iodine náà rẹ́. Bí ẹ bá kán sí i títí tó fi di aró dúdú, ìyẹ̀fun wà níbẹ̀. Bí irú àdàlù bẹ́ẹ̀ bá sì wà nínú rẹ̀, ó lè má jẹ́ ohun tí ẹ máa kọ sínú ìwé aṣọ́bodè mọ́: abẹ́ àkọlé ọjà nọ́ńbà 2002 ni tòmátì kíki wà, àmọ́ 2103 ni ti ọbẹ̀ tòmátì tí wọ́n ti fi èròjà ṣe. Ẹni tó kó ọjà wọlé ni ìtanràn àṣìkọ máa ń já lé lórí.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù ni orísun rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti rọ ọ́ sínú dírọ́ọ̀mù lè yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti gbin tòmátì náà. Láti ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2021 ni Amẹ́ríkà ti ń dá ọjà tòmátì Xinjiang, agbègbè kan ní Ṣáínà, dúró ní èbúté nítorí iṣẹ́ àfipáṣe, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2022 sì gbé ẹrù ẹ̀rí lé ẹni tó kó ọjà wọlé lórí. Ìfòfindè ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lórí ọjà iṣẹ́ àfipáṣe máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 2027. Bí òfin orílẹ̀-èdè tiyín kò bá tíì sọ bẹ́ẹ̀, ilé ìtajà tó ń rà lọ́wọ́ yín lè ní in nínú àdéhùn tirẹ̀. Ẹ gba orúkọ ilé iṣẹ́ tó sè é, nọ́ńbà ìpele rẹ̀ (ìyẹn àwọn tí wọ́n sè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan), àti ìwé tó so ìpele náà pọ̀ mọ́ oko. Olùtajà tó bá ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lórí èyí, èmi kò ní rà lọ́wọ́ rẹ̀, iye yòówù kó dá lé e.

Ìbéèrè: Olùtajà ti fi ìwé èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́. Ṣé kò tó?

Ìdáhùn: Kò tó. Ìwé náà lè jẹ́ ti dírọ́ọ̀mù mìíràn. Ẹ yan ilé àyẹ̀wò tí kò sí lábẹ́ olùtajà, kí òṣìṣẹ́ wọn bu lára ọjà nígbà tí wọ́n bá ń kó o sínú kọ̀ńténà, kí ó di ohun tó bù náà pa, kí ó sì kọ nọ́ńbà èdìdì kọ̀ńténà sínú èsì. Ẹ ní kí wọ́n wo Brix, bó ṣe kan tó (pH rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ 4.6), ẹ̀bu (ohun tó máa ń hù lára oúnjẹ tó bàjẹ́), oògùn kòkòrò àti òjé. Bí ẹ bá padà ra èyí tó ti wà nínú agolo, ẹ fi tánganran (tin, irin tí wọ́n fi ń bo inú agolo) kún un, torí pé kíkan tòmátì ń jẹ agolo, Codex kò sì gbà ju mílígíráàmù 250 lọ nínú kílò kan. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé lẹ́yìn tí èsì yìí bá jáde ni owó tó kù tó máa jáde.