Ṣé gáàsì inú fíìmù Coma lè pa Bàbá wa lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Mo wo fíìmù Coma tó jáde ní 1978. Wọ́n ń kun àwọn aláìsàn lóorun, wọn ò sì jí mọ́, wọ́n wá ń yọ ẹ̀yà ara wọn tà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún Bàbá wa. Àwọn ẹbí ní ká má gbà kí wọ́n kun wọ́n lóorun. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ta ló sọ fún yín pé wọ́n máa kun Bàbá lóorun? Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n sábà fi ń ṣe ìpá. Á pa ara kú láti ìbàdí dé ẹsẹ̀ fún bíi wákàtí méjì, Bàbá á sì lajú sílẹ̀. Àwọn míì wà tí wọ́n kàn máa ń gún lábẹ́rẹ́ yí ibi tí wọ́n fẹ́ là ká. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yẹ fún o. Ẹni tó bá yẹ̀ wọ́n wò ló máa pinnu, kì í ṣe èmi.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí fíìmù yín. Michael Crichton tó darí rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Harvard, irọ́ rẹ̀ lóye nínú. Àmọ́ oògùn akunilóorun kọ́ ló ń ba ọpọlọ àwọn aláìsàn yẹn jẹ́! Ibi tí gbogbo yín ń fò nìyẹn. Carbon monoxide ni wọ́n ń dà gba ojú páìpù ọ́síjìn, òun náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odindi ìdílé mọ́jú. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó ju 200. Ẹ̀jẹ̀ á pọ́n rokoso, ọpọlọ á sì máa kú lọ lábẹ́lẹ̀. Kódà ẹ̀rọ kékeré oníná pupa tí wọ́n ń há mọ́ ìka lónìí láti fi wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ lè máa ka 98 nínú 100, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò mọ̀yàtọ̀ gáàsì yìí sí ọ́síjìn. Níbí yìí, mo gbà fún wọn.

Ibi tó ti já ni pé kò sẹ́ni tó lè wọn gáàsì yẹn kó pa ọpọlọ nìkan kó sì dá ọkàn sí. Àwọn ara aláìsàn tí wọ́n fi wáyà so rọ̀ nínú fíìmù yẹn, ojú ló kàn ń dùn. Òwò kíndìnrín wà lóòótọ́: ní 2023, ilé ẹjọ́ kan ní London dá sẹ́nẹ́tọ̀ Nàìjíríà kan àti ìyàwó rẹ̀ lẹ́bi. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tajà lójú títì Èkó ni wọ́n mú lọ, àmọ́ ìlérí ni wọ́n fi mú un, kì í ṣe gáàsì.

Ẹ gbàgbé páìpù, ẹ bá mi ṣọ́ ògì. Bí oorun bá ti wọra, ọ̀fun kì í ṣọ́nà mọ́. Ohun tó wà níkùn á gòkè, á yà sínú ẹ̀dọ̀fóró, omi kíkan á sì jó o. Nítorí náà, oúnjẹ gbọ́dọ̀ dúró ní wákàtí 6 ṣáájú. Bó bá jẹ́ ẹran tàbí dídín, 8. Omi lásán nìkan ni wọ́n lè mu títí di wákàtí 2 ṣáájú. Ògì kì í ṣe omi. Tíì oní-mílíìkì kì í ṣe omi. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn náà ni, kí wọ́n gbààwẹ̀ rẹ̀, torí abẹ́rẹ́ lè má ràn dáadáa, kí wọ́n wá kun wọ́n lóorun. Bí ilé ìwòsàn yín bá sọ wákàtí tó jù báyìí lọ, tiwọn ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé.

Bí Bàbá bá jẹun, ẹ sọ ọ́; wọ́n á kàn sún un síwájú ni. Ẹ sọ àgbo tí wọ́n ń mu, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, eyín tó ń mì, bí wọ́n bá ń hanrun. Bí làálì bá wà léèékánná wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀, kí ẹ̀rọ ìka má baà ṣì kà.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bèèrè ẹni tó máa dúró ti Bàbá látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó má ṣe jẹ́ ẹni kan náà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹ bèèrè bóyá sìlíńdà ọ́síjìn míì wà nílẹ̀, àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí NEPA bá mú iná lọ. Bí wọ́n bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ gbé Bàbá lọ síbòmíì.