Àpò gàrí kì í ṣe láílọ́ọ̀nù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìkòròdú ni mo ti ń ta ọ̀rá. Mo fẹ́ kó àpò tí wọ́n ń rọ gàrí àti ìrẹsì sí wọlé láti Ṣáínà. Ajẹ́ntì mi ní láílọ́ọ̀nù kan náà ni gbogbo wọn, pé HS code (nọ́ńbà tí kọ́sítọ̀ọ̀mù fi ń ya irú ọjà sọ́tọ̀) tí a fi kó ọ̀rá wọlé ni ká tún lò, pé kì í fa wàhálà. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ má gbà, màámà. Láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Àgbádárìgì ni wọ́n ti ń bi mí ní ìbéèrè yìí, ẹnu àwọn ajẹ́ntì ló sì máa ń ti jáde. Ẹ̀ ń béèrè kóòdù tí kì í fa wàhálà. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni pé kí ni wọ́n fi ṣe àpò náà, báwo ni wọ́n sì ṣe ṣe é.

Láílọ́ọ̀nù jẹ́ orúkọ tí a kàn ń pe ọ̀rá lọ́jà. Lójú kọ́sítọ̀ọ̀mù, nylon jẹ́ ike mìíràn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àwọ̀n ẹja. Polyethylene ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá tí à ń di ọjà sí, 3923.21 sì ni tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ "nylon bag" sínú ínfọ́ìsì ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹrù lọ sí 3923.29, tó jẹ́ ti àwọn ike yòókù.

Àpò gàrí wá ńkọ́? Ẹ mú ọ̀kan, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Wọ́n hun ún ni! Polypropylene ni, ike ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì hun ún bí aṣọ. Ìlànà HS, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 1988, sọ pé bí ìbú ọ̀já náà, bó ṣe hàn sójú, kò bá ju mìlímítà 5 lọ, ọmọ ilé aṣọ ni. 6305.33 ló ń lọ, kò sí nínú orí 39 tó jẹ́ ti ike mọ́. Bó bá ju 5 lọ, ó padà sí orí 39. Bákan náà ni bí wọ́n bá fi ike bo aṣọ náà tinú tòde, tí ojú lásán sì rí i. Ajẹ́ntì tó bá ní ike ni ike, ẹ bi í pé mìlímítà mélòó ni ọ̀já rẹ̀. Rúlà ọmọ iléèwé ti tó láti fi wọ̀n ọ́n.

(Báàgì tí wọ́n rán gbọin-gbọin láti máa fi gbé ọjà fún ìgbà pípẹ́ tún yàtọ̀, 4202 nìyẹn.)

Ó ń dùn mí nítorí pé orúkọ yín ló wà lórí Form M, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí ẹni tó ń kó ọjà wọlé ń fi sílẹ̀ ní báńkì, kì í ṣe ti ajẹ́ntì. Ìpele 5 ni owó ibodè ECOWAS, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ní: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Kóòdù tí kò tọ́ lè gbé yín láti ìpele kan bọ́ sí òmíràn. Bí wọ́n bá rí i nígbà àyẹ̀wò, ẹ ó san àfikún, ẹ ó san owó ìtanràn, kọ̀ntéínà á sì jókòó sí èbúté tí owó rẹ̀ á máa gorí ara wọn.

N kò tíì fọwọ́ kan àpò yín o, nítorí náà ìdáhùn mi kì í ṣe ìwé àṣẹ. Kọ́sítọ̀ọ̀mù ló ni ìpinnu. Ẹ lè kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú àpẹẹrẹ àpò náà kí ẹrù tó gbéra. Advance ruling ni wọ́n ń pè é. Kí ẹ sì tó san kọ́bọ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní Ṣáínà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ínfọ́ìsì pé polypropylene ni, pé híhun ni, àti iye ìbú ọ̀já rẹ̀.